Ẹ Lanu Kí N Wò Ó: Ohun Tí Mo Kọ́ Nídìí Àtúnṣe Ọ̀nà Ìtọ̀

Tọ́ọ̀ṣì kékeré kan kì í kúrò nínú àpò aṣọ iṣẹ́ mi. Bí ọkùnrin kan bá ti Ìdànrè tàbí Ìta-Ògbólú wá sí kílíníìkì wa ní Àkúrẹ́, tí ó sọ pé ìtọ̀ òun kò já geere mọ́, ọkàn rẹ̀ a ti gbà pé ìsàlẹ̀ ni a ó yẹ̀ wò, ojú a sì ti máa tì í nítorí pé obìnrin ni mí. Ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu mi ni pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ lanu kí n wò ó." Bàbá àgbẹ̀ kan tí ó ti lé ní ẹni 60 ọdún wo ojú mi títí, wọ́n ní, "Nọ́ọ̀sì, bóyá ẹ ò gbọ́ mi dáadáa. Ìtọ̀ ni mo ní kò jáde, eyín kọ́ ló ń dùn mí." Mo dá wọn lóhùn pé mo gbọ́ wọn yékéyéké, pé ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn ni a ó ti rí ohun tí a ó fi tún ọ̀nà ìtọ̀ wọn ṣe, àti pé bí ẹnu náà kò bá dára, ó yẹ kí a ti mọ̀ kí wọ́n tó gun orí tábìlì iṣẹ́ abẹ.

Ó ti lé ní ọdún 20 tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, nínú tíátà, ìyẹn yàrá iṣẹ́ abẹ, ní ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ní wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin tí a ṣe iṣẹ́ abẹ fún. Bí ènìyàn bá ṣí ìwé àwọn dókítà, ibi tí a ti lè gé awọ láti fi lẹ ọ̀nà ìtọ̀ pọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Lára ọkùnrin kan ṣoṣo, wọn kò pọ̀ rárá, èyí tí a bá sì fi ṣòfò nínú wọn kì í padà. Ohun tí mo fẹ́ sọ nìyẹn, n óò sì sọ ọ́ pẹ̀lú àṣìṣe tèmi nínú rẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ.

Ọ̀nà ìtọ̀ ọkùnrin gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 18 sí 20 láti ẹnu àpò ìtọ̀ títí dé ojú ibi tí ìtọ̀ ti ń bọ́ síta. Bí ohunkóhun bá dá ọgbẹ́ sí inú rẹ̀, àpá ni ọgbẹ́ náà yóò fi jinná, àpá a sì máa sún kì bí awọ tí oòrùn pa. Díẹ̀díẹ̀ ni ihò náà yóò máa fún, tí ìtọ̀ yóò di tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú, tí ẹni náà yóò máa fi agbára tì í, síbẹ̀ tí inú àpò ìtọ̀ kò ní ṣófo. Bí ó bá pẹ́, àrùn á wọ inú ìtọ̀, kíndìnrín á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jìyà. Lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, mo ti rí èyí tí àtọ̀sí tí a kò tọ́jú tán fà. Mo ti rí èyí tí rọ́bà ìtọ̀, èyí tí a ń tì wọ inú ọ̀nà ìtọ̀ kí ìtọ̀ lè máa gbà á jáde, fà, nígbà tí ẹni tí ó fi í sí i fi omi kún bálúùnù orí rẹ̀ kí ó tó dé inú àpò ìtọ̀. Àwọn tí ọkọ̀ gbá lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Iléṣà, tí eegun ìbàdí wọn fọ́ tí ọ̀nà ìtọ̀ wọn sì já, ọ̀tọ̀ ni tiwọn: lọ́pọ̀ ìgbà a máa ń gé àpá náà kúrò, a ó sì rán orí méjèèjì pọ̀ láìlo àbùlẹ̀ kankan, ìyẹn awọ tí a gé láti ibòmíràn. Àìsàn awọ kan tún wà tí àwọn dókítà ń pè ní lichen sclerosus, tí ó máa ń sọ awọ orí nǹkan ọmọkùnrin di funfun, tí awọ náà yóò le, tí àìsàn yóò sì máa jẹ wọ inú ọ̀nà ìtọ̀ lọ. Mo fẹ́ kí ẹ fi orúkọ yẹn sọ́kàn, nítorí pé òun ni ó máa ń pinnu ibi tí a kò gbọdọ̀ ti gé awọ.

Kí ọ̀pọ̀ nínú wọn tó dé ọ̀dọ̀ wa, wọ́n ti fi irin la ọ̀nà náà fún wọn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹ́rin, nígbà mìíràn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n á tọ̀ dáadáa fún oṣù díẹ̀, yóò tún dí. Fún ibi kúkúrú tí kò tó sẹ̀ǹtímítà 2, ní apá ẹ̀yìn ọ̀nà náà lábẹ́ kórópọ̀n, kò burú kí a gbìyànjú irin tàbí ọ̀bẹ kékeré tí a ń tì wọ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti kọ̀ tí a sì tún ń ṣe é léraléra, ọgbẹ́ tuntun ni a ń fi kún àpá àtijọ́, àpá tí ì bá jẹ́ kékeré yóò sì máa gùn sí i. Inú máa ń bí mi nígbà tí mo bá rí ọ̀dọ́kùnrin tí ibi tí ó fún lára rẹ̀ kéré ní ìbẹ̀rẹ̀, tí ó wá jẹ́ pé nígbà tí a fi ya àwòrán X-ray rẹ̀ pẹ̀lú oje tí ń hàn nínú àwòrán, ọ̀nà náà ti rí bí okùn tí a ta ní kókó láti òkè dé ìsàlẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ abẹ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kì í tó fún mọ́.

Bí ọ̀nà ìtọ̀ bá ṣì ní ìbú díẹ̀, a lè là á, kí a fi àbùlẹ̀ mú un fẹ̀, kí a sì pa á dé lọ́jọ́ kan náà. Bí ó bá ti di àpá pátápátá, tàbí tí iṣẹ́ abẹ ìṣáájú ti bàjẹ́, tàbí tí ìtọ̀ ti ń jò gba ihò mìíràn jáde nítorí éwo, ìpele méjì ni a ó ṣe é. Ní ìpele kìíní, a ó là á láti abẹ́, a ó gé èyí tí ó ti bàjẹ́ kúrò, a ó sì tẹ́ àbùlẹ̀ sílẹ̀ pẹrẹsẹ bí ẹni tẹ́ ẹní, láìká a. Ní gbogbo àkókò yìí, ojú ihò tí a ṣí sí ẹ̀yìn ibi tí ó bàjẹ́ ni ìtọ̀ yóò máa gbà. A ó dúró fún ó kéré tán oṣù 6, títí àbùlẹ̀ yóò fi rọ̀ tí kò ní sún kì mọ́. Ní ìpele kejì ni a ó gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, tí a ó ká a mọ́ rọ́bà ìtọ̀ di ọ̀pá, tí a ó sì pa ẹran àti awọ dé e. Bengt Johanson, oníṣẹ́ abẹ ará Sweden, kọ̀wé nípa irú iṣẹ́ onípele yìí ní ọdún 1953, ṣùgbọ́n awọ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbẹ́ náà gan-an ni ó ń lò. Ní ọdún 1995 ni Aivar Bracka ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ìrírí tirẹ̀ jáde lórí àwọn tí a bí pẹ̀lú ojú ìtọ̀ tí kò sí ní ipò rẹ̀, ó sì fi hàn pé bí a bá gé àbùlẹ̀ láti ibòmíràn tí a tẹ́ ẹ, tí a ní sùúrù, tí a tó ká a, yóò dára. Ọ̀nà tirẹ̀ ni èyí tí Ọ̀gá wa, oníṣẹ́ abẹ tí ń ṣe iṣẹ́ yìí lọ́dọ̀ wa, ń tẹ̀ lé súnmọ́ jù.

Ìṣirò kan wà níbẹ̀ tí ó yẹ kí gbogbo aláìsàn mọ̀. Àbùlẹ̀ tí a ó ká di ọ̀pá gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2.5 sí 3, bí a kò bá fẹ́ kí ọ̀nà tuntun náà tún fún. Èyí tí a kàn fi lẹ ẹ̀gbẹ́ kan ọ̀nà tí ó ṣì kù kì í sábà ju sẹ̀ǹtímítà 1.5 sí 2 ní ìbú lọ. Inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ń fún wa ní èyí tí ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 4 sí 6, tí ìbú rẹ̀ sì tó nǹkan bíi 2 sí 2.5. Nítorí náà, ẹni tí ọ̀nà ìtọ̀ rẹ̀ bàjẹ́ ní sẹ̀ǹtímítà 10, tí ó sì nílò ìpele méjì, lè ná ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì tán lọ́jọ́ kan, kí ó má sì tíì tó.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ló dé tí a kò fi gé awọ ìsàlẹ̀ tí ó wà nítòsí. Àwa náà ti ṣe é rí. Awọ adọ̀dọ́, pàápàá èyí tí ó wà nínú, dára gidigidi fún iṣẹ́ yìí: kò ní irun, ó tinrín, ó sì rọ̀. Ṣùgbọ́n láti kékeré ni a ti ń kọ ilà fún ọmọkùnrin nílẹ̀ Yorùbá, a ti sọ awọ náà nù kí ọmọ tó mọ orúkọ ara rẹ̀. Èyí tí ó ṣẹ́ kù ni awọ ara nǹkan ọmọkùnrin, tí kò pọ̀, àti awọ kórópọ̀n, tí irun wà lára rẹ̀. Irun kì í mọ̀ pé a ti gbé òun wọ inú ọ̀nà ìtọ̀. Yóò máa hù, iyọ̀ inú ìtọ̀ yóò sì máa dì mọ́ ọn lára títí yóò fi di òkúta. Ní ìgbà tí mo ṣì wà ní tíátà, mo fi ọwọ́ ara mi gba irú òkúta bẹ́ẹ̀ sínú abọ́, lára ọkùnrin kan tí wọ́n ti fi awọ kórópọ̀n ṣe iṣẹ́ fún ní ọdún pípẹ́ sẹ́yìn. Ìdì irun kan wà láàrin rẹ̀, òórùn rẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ, àánú ọkùnrin náà sì ṣe mí nítorí pé ó ti ń sá fún àwùjọ nítorí òórùn náà láìmọ ohun tí ó fà á. Ní ti ẹni tí ó ní lichen sclerosus, awọ ìsàlẹ̀ kò tilẹ̀ yẹ ní dídárúkọ, irun wà ni o, irun kò sí ni o, nítorí pé àìsàn náà tún lè yọjú nínú àbùlẹ̀ tí a gé láti ibẹ̀.

Ìdí nìyí tí a fi ń wo ẹnu. Kirill Sapezhko, oníṣẹ́ abẹ ní ilẹ̀ ọba Rọ́ṣíà ìgbà náà, ti lo awọ inú ẹnu fún ọ̀nà ìtọ̀ ní ọdún 1894. Graham Humby ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní 1941. Lẹ́yìn náà a gbàgbé rẹ̀ títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1990 sí òkè. Ó yà mí lẹ́nu pé ohun tí ó dára tó bẹ́ẹ̀ lè wà nílẹ̀ fún ìwọ̀n ọdún yẹn láìsí ẹni tí ó bìkítà fún un. Ojú awọ inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ nípọn, ó sì le. Abẹ́ rẹ̀ tinrín, iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké sì kún ibẹ̀, èyí tí ó jẹ́ kí ó tètè mú nínú ilé tuntun. Omi kì í bà á lẹ́rù, inú omi ni ó ti wà láti ìgbà tí a ti bí i. Irun kò sí lára rẹ̀. Àpá rẹ̀ wà ní ibi tí ojú ẹnikẹ́ni kò tó, ẹnu a sì máa yára jinná: lọ́jọ́ kejì ọ̀pọ̀ wọn ti ń mu ògì tútù, kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé wọ́n ti ń jẹ iyán, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ a máa fà wọ́n díẹ̀ bí wọ́n bá la ẹnu gbàgà. Ohun kan tí oníṣẹ́ abẹ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn ni ojú ihò tí itọ́ ti ń sun wọ inú ẹnu, ní ẹ̀gbẹ́ eyín ńlá kejì tí a fi ń lọ oúnjẹ lókè. Ọ̀gá wa a máa fi tádàwá yí i ká kí ó tó gé ohunkóhun.

Ètè ìsàlẹ̀ náà ní awọ rere, ó tinrín ju ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ, ó sì wúlò fún apá orí nǹkan ọmọkùnrin níbi tí àyè ti há. Ṣùgbọ́n ètè lè kú tipiri lẹ́yìn tí a bá gé e, bí ẹni tí abẹ́rẹ́ onísègùn eyín kò tíì kúrò lára rẹ̀, ó sì lè yí padà ní ìrísí. Ọ̀dọ́kùnrin kan tí ń fọn kàkàkí nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wọn wá sọ́dọ̀ wa. Kò sọ iṣẹ́ yìí fún dókítà, èmi ni ó sọ ọ́ fún nígbà tí mo bi í léèrè ohun tí ó ń fi ẹnu rẹ̀ ṣe yàtọ̀ sí oúnjẹ. Mo kọ ọ́ sínú fáìlì rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà gàdàgbà, a kò sì fọwọ́ kan ètè rẹ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti ń bi gbogbo wọn ní ìbéèrè yẹn. Ahọ́n ńkọ́? Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ àti abẹ́ rẹ̀ ní irú awọ kan náà. Àwọn oníṣẹ́ abẹ ará Ítálì, tí Simonato ṣáájú wọn, kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ọdún 2006. Ó rọrùn láti gé, ṣùgbọ́n bí èyí tí a gé bá gùn, ọ̀rọ̀ yóò máa wúwo lẹ́nu ẹni náà fún ìgbà díẹ̀, èyí tí kì í ṣe ohun kékeré fún olùkọ́ tàbí fún alfa tí ń ké Kùránì.

Bí ẹnu kò bá ṣeé lò, ẹ̀yìn etí ni ibi tí ó kàn. Kò ní irun, ó tinrín, àpá rẹ̀ a sì fara pamọ́. Awọ itan tí a fi ẹ̀rọ bó tinrín, tí a wá gún ní ihò ihò bí àwọ̀n, wà fún ẹni tí gbogbo ọ̀nà rẹ̀ bàjẹ́ tí kò sì sí ohun mìíràn tí ó kù. Ó a máa sún kì púpọ̀, n kò sì ní fi yangàn. Awọ inú àpò ìtọ̀ náà wà nínú ìwé, àmọ́ a ní láti la ikùn kí a tó dé ibẹ̀, n kò sì rí i kí a lò ó rí.

Bàbá àgbẹ̀ tí mo sọ ní ìbẹ̀rẹ̀ la ẹnu wọn fún mi. Wọ́n ti ń fi aáṣáà sí abẹ́ ètè láti ìgbà èwe wọn. Gbogbo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn ti nípọn, ibi funfun kan sì wà ní apá òsì tí mo tètè pe dókítà sí. Wọ́n gé díẹ̀ lára rẹ̀ fún àyẹ̀wò kí a tó sọ ọ̀rọ̀ ọ̀nà ìtọ̀ rárá. Àyẹ̀wò náà jáde ní rere, kì í ṣe jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí yóò gé àbùlẹ̀ níbẹ̀. Ká ní n kò tan tọ́ọ̀ṣì ni, orí tábìlì ni à bá ti bá a pàdé, pẹ̀lú ọ̀nà ìtọ̀ tí a ti là sílẹ̀.

Àṣìṣe tèmi ló kàn. Ọkùnrin ọlọ́kadà kan láti Ìjù, ẹni bí ọdún 34, ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ nínú ìjàǹbá. Níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ tọ́jú rẹ̀, wọ́n fi rọ́bà ìtọ̀ sílẹ̀ lára rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ẹsẹ̀ jinná, ọ̀nà ìtọ̀ fún. Wọ́n fi irin là á títí éwo fi tú síta lábẹ́. Nígbà tí a gbà á, sẹ̀ǹtímítà 5 nínú rẹ̀ ni ó ti di àpá pátápátá. Ọ̀gá wa gé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún nìkan, ó ní kí a fi tòsì pamọ́ nítorí a kò mọ ohun tí ọ̀la yóò mú wá. Wọ́n ha ọ̀rá àti ẹran kúrò lẹ́yìn awọ náà, wọ́n gún un ní ihò kéékèèké kí ẹ̀jẹ̀ má bàa gbára jọ sábẹ́ rẹ̀, wọ́n fi okùn tínínrín rán an mọ́ ilẹ̀ ibi tí wọ́n tẹ́ ẹ sí ní ojú púpọ̀, wọ́n sì di òwú mọ́ ọn lórí gbagidi. Àṣẹ tí wọ́n kọ sílẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tú u kí ọjọ́ 5 tó pé.

Ní òru ọjọ́ kejì, èmi ni mo wà ní ipò ọ̀gá ní wọ́ọ̀dù. Ìyàwó rẹ̀ wá bá mi pẹ̀lú ẹkún pé, "Màmá, ẹ gbà mí, ẹ̀jẹ̀ ti ń yọ lára ọkọ mi." Mo lọ wò ó. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ti rin ojú bándéèjì, kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ. Ó yẹ kí n pe dókítà. Dípò bẹ́ẹ̀, àánú ìyàwó náà ṣe mí, mo gbẹ́kẹ̀ lé ọwọ́ mi tí ó ti ń fi bándéèjì di ọgbẹ́ fún ọdún púpọ̀, mo tú òwú náà, mo nu ibẹ̀, mo sì tún un dì dáadáa lójú ara mi. Ìyàwó rẹ̀ dúpẹ́ títí. Nígbà tí a tú u ní ọjọ́ karùn-ún, ìdá mẹ́ta rẹ̀ kan, ní apá ìsàlẹ̀, ti dúdú bí èédú.

Ọ̀gá wa kò pariwo mọ́ mi. Wọ́n mú ìwé, wọ́n yàwòrán fún mi. Wọ́n ní ní nǹkan bíi wákàtí 48 àkọ́kọ́, àbùlẹ̀ kò ní ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀. Omi tí ń sun láti ara ilẹ̀ tí a tẹ́ ẹ sí ni ó ń mu. Láti ọjọ́ kejì sí ìkẹrin ni àwọn iṣan tínínrín ti ìsàlẹ̀ ń wá ti òkè rí, tí wọ́n ń so pọ̀. Ohunkóhun tí ó bá yẹ̀ é nípò ní àkókò yẹn, ìbáà ṣe ìwọ̀n fọ́nrán irun kan, yóò já gbogbo rẹ̀. Bàbá mi gbin kòkó nítòsí Oǹdó, mo sì mọ̀ láti kékeré pé ẹni tí ó bá lọ́ ọmọ kòkó tán, tí ó tún fà á tu lọ́jọ́ kejì láti wò ó bóyá ó ti ta gbòǹgbò, òun gan-an ni ó pa á. Ohun tí mo mọ̀ ní oko ni n kò mọ̀ ní wọ́ọ̀dù. Èmi fúnra mi ni mo lọ sọ fún ọkùnrin náà. Mo ní, "Ẹ má bínú, èmi ni mo tú u." Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, kò bú mi, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó bi mí: "Màmá, èwo ni ẹ ó wá gé báyìí?" Ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ni. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, a ná èyí tí a fi pamọ́ de ọ̀la, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka oṣù 6 láti ìbẹ̀rẹ̀.

Nísinsìnyí, bí ẹ̀jẹ̀ bá rin bándéèjì, bírò ni mo ń mú. Mo máa ń fa ìlà yí ibi tí ó rin ká, mo máa ń kọ aago sí i, mo sì ń pe dókítà bí ó bá kọjá ìlà náà. Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo ń lẹ ìwé mọ́ pé kí ẹnikẹ́ni má tú u. Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, ẹni náà kì í dìde. A máa ń tọ́jú ikọ́ kí a tó ṣe iṣẹ́ abẹ, a ń fún wọn ní ìbẹ́pẹ àti omi púpọ̀ kí ìgbẹ́ má bàa le, a sì ń bá ìyàwó tàbí ìyá wọn jókòó ṣáájú láti sọ bí ẹ̀jẹ̀ tí kò léwu ṣe ń rí, nítorí pé ìbẹ̀rù ará ilé ni ó tú bándéèjì yẹn gan-an, ọwọ́ mi ni ó kàn lò.

Àwọn oṣù tí ó wà láàrin ìpele méjèèjì ni àwọn tí ó wà ní tíátà kì í rí. Ọkùnrin tí ó ti ń dúró tọ̀ láti ìgbà èwe rẹ̀ yóò máa lóṣòó tàbí kí ó jókòó. Ọlọ́kadà kì í lè sáré yà sí ẹ̀gbẹ́ títì mọ́. Ẹni tí ń kírun yóò máa ṣàníyàn bóyá ìtọ̀ ta sí aṣọ òun lẹ́yìn àlùwàlá. Ọ̀kan sọ fún mi pé ilé ìyàwó òun ní Ọ̀wọ̀ ni òun kò lè lọ mọ́, nítorí pé ilé ìgbẹ́ wọn kò ní ìlẹ̀kùn. A gbọ́dọ̀ sọ gbogbo èyí kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé, kí a sì sọ fún wọn pẹ̀lú pé nígbà mìíràn àbùlẹ̀ a máa sún kì ní ibì kan, tí a ó fi ní láti fi òmíràn kún un kí a tó ká a, débi tí ìpele méjì yóò fi di mẹ́ta.

Àwọn kan kì í padà wá fún ìpele kejì. Mo máa ń bá wọn wí lórí fóònù tẹ́lẹ̀ rí, mo rò pé wọ́n ń ya ọ̀lẹ ni tàbí pé owó ni kò sí. Owó ni lóòótọ́ fún àwọn mìíràn. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí ìtọ̀ wọn ń já geere fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ọdún mẹ́wàá, tí wọn kò ní ibà ìtọ̀ mọ́, tí wọ́n sì pinnu pé ó tó àwọn. Bàbá àgbẹ̀ náà kò tilẹ̀ gba àbùlẹ̀ kankan. Nígbà tí Ọ̀gá wa ṣàlàyé pé ẹnu wọn kò ṣeé gé, tí awọ ìsàlẹ̀ wọn sì ní lichen sclerosus, tí ó sì jẹ́ pé ẹ̀yìn etí ni a lè gbìyànjú bí wọ́n bá fara mọ́ ọn, wọ́n béèrè bóyá a lè ṣí ojú ìtọ̀ kan fún wọn ní abẹ́, láàrin kórópọ̀n àti ihò ìdí, kí ó máa bẹ bẹ́ẹ̀ títí ayé. Wọ́n ní, "Lóko, ìlóṣòó ni mo fi ń tọ̀ láti ọjọ́ yìí." Ọjọ́ díẹ̀ péré ni wọ́n lò lọ́dọ̀ wa. Iṣẹ́ abẹ gidi ni ìyẹn náà, n kì í jẹ́ kí àwọn nọ́ọ̀sì kéékèèké máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni pé a kùnà.

Ọlọ́kadà Ìjù padà wá ní oṣù kẹjọ lẹ́yìn àbùlẹ̀ kejì. Ọ̀gá wa fi ìka tẹ ojú rẹ̀, ó rọ̀, ó pọ́n, àyàfi ibi tí tuntun ti pàdé àtijọ́ tí ó ti há díẹ̀. Wọ́n gé ìrépé kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ahọ́n rẹ̀ ní apá òsì fi mú ibẹ̀ fẹ̀, wọ́n sì ká gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Rọ́bà ìtọ̀ wà lára rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àwòrán X-ray fi hàn pé ó ṣì ń jò ní ojú abẹ́rẹ́ kan, a fi ọ̀sẹ̀ kan kún un, jíjò náà sì dáwọ́ dúró. Ọjọ́ tí a yọ rọ́bà, ó wọ ilé ìwẹ̀ lọ, ìyàwó rẹ̀ àti èmi dúró lẹ́nu ọ̀nà, a sì gbọ́ ọ.

Kí ó tó lọ sílé, mo fún un ní ìwé kan tí mo ti ń ṣe fún gbogbo wọn láti ìgbà tirẹ̀. Mo máa ń ya ẹnu àti etí méjèèjì sí i, mo máa ń fi bírò kun ibi tí a ti gé, mo sì ń kọ ọjọ́ àti ìwọ̀n rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, nítorí pé ẹni tí a tọ́jú ní Àkúrẹ́ lónìí lè wà lórí tábìlì ní Ìbàdàn lọ́dún mẹ́wàá òní, kí oníṣẹ́ abẹ ibẹ̀ má sì mọ ohun tí ó kù. Lórí ìwé tirẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì ti dúdú, ẹ̀gbẹ́ ahọ́n òsì ti dúdú. Ẹ̀gbẹ́ ahọ́n ọ̀tún, ètè àti ẹ̀yìn etí méjèèjì ṣì funfun. Ó fi ìka tọ́ àwọn ibi funfun náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ká ìwé náà sí mẹ́rin, ó sì fi í sínú ọ̀rá kan náà tí ìwé ọ̀kadà rẹ̀ wà.